Aago kámẹ́rà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fọ́tò mi lọ́wọ́ mi

Ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni àbúrò mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe fọ́tò yín nìyí?" Kàlẹ́ńdà ọdún 2025 ni, ti iléeṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀. Ẹlẹ́ṣin tí mo yà ní Ọjúde Ọba ni wọ́n gbé sójú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n gé apá òsì fọ́tò náà dànù, wọ́n kọ àdúrà ọdún tuntun lé e lórí, wọ́n to nọ́ńbà fóònù wọn sísàlẹ̀. Orúkọ tèmi kò sí níbì kankan.

Mo mọ fọ́tò yẹn bí ìyá ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò n'Íbàdàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà lọ kí Awùjalẹ̀, eruku bo lẹ́ǹsì mi, oòrùn ń jó mi lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra ni mo tẹ kámẹ́rà nígbà tí ẹṣin yẹn dé iwájú mi. Èkejì ló bọ́ sí i: ẹṣin gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, àwọn ènìyàn ń sá sẹ́yìn, ojú ẹni tó gùn ún sì balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Tíṣà ni mí, Canon 600D tòkunbọ̀ ni mò ń lò, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fọ́tò yẹn dùn mọ́ mi nínú ju owó oṣù lọ.

Bí mo ṣe tún un ṣe kò gba àlàyé. Darktable ni mo lò, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fi sùúrù jókòó tì í yóò mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sí Facebook bó ṣe tóbi tó, mi ò kọ orúkọ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e.

Mo pe nọ́ńbà orí kàlẹ́ńdà. Ọmọkùnrin tó ṣe kàlẹ́ńdà náà fún wọn ló gba ìpè mi níkẹyìn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ti gbogbo ayé ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú ju olè jíjà náà lọ. Ta ló sọ fún wọn pé ohun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lólówó? Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ka ẹni tó ya fọ́tò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti yà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é, ẹ̀tọ́ náà kò sọ nù. Lọ́yà kan ládùúgbò wa gba ₦50,000 lọ́wọ́ mi, ó kọ lẹ́tà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Èsì wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọkùnrin tó sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí fọ́tò ti wá di ẹni tó yà á. Lọ́yà wọn ní bí mo bá sọ pé èmi ni, kí n mú ẹ̀rí wá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí pé fáìlì RAW wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn fọ́tò tútù bí kámẹ́rà ṣe gbà á, kí sọ́fítíwià kankan tó fọwọ́ kàn án. Kámẹ́rà a máa kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, mi ò ṣí i wò.

Ó yẹ kí n ti ṣí i wò. Ọjọ́ tó wà nínú fáìlì náà ni ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2011, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 41 òru. Lọ́yà wọn bi mí nínú ìwé pé oòrùn wo ló ń ràn ní aago mẹ́ta òru.

Orun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó títí mo fi rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Látìgbà Àjíǹde ni mo ti yọ bátìrì kúrò nínú kámẹ́rà, aago inú rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí mo ki bátìrì bọ̀ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, ó béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ mi. Ìlù ti ń dún, àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ti ń kọjá nínú aṣọ wọn, mo tẹ bọ́tìnnì kọjá ìbéèrè náà. Aago bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ohun tó burú jù tí mo ṣe ló tẹ̀ lé e. Mo ṣí ExifTool, sọ́fítíwià tó ń ka ohun tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì, tó sì lè yí i padà, mo yí ọjọ́ inú fáìlì náà padà sí ọjọ́ tó tọ́. Òtítọ́ ni mò ń kọ sínú rẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn tó. Nígbà tí mo sọ fún lọ́yà mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pariwo: "Tíṣà! Fáìlì tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn, ẹ̀rí wo ló tún kù nínú rẹ̀?" Ọpẹ́lọpẹ́ pé ExifTool a máa tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, a fi _original sí ìdí orúkọ rẹ̀. Mo pa èyí tí mo yí padà rẹ́, mo sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Fóònù mi ló gbà mí. Mo máa ń fi fóònù ya díẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sílé, aago fóònù kì í sì í ṣìnà. Mo wá ibi tí méjèèjì ti ya ohun kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹgbẹ́ obìnrin kan: fóònù sọ 10:05, kámẹ́rà sọ 1:15. Àwọn onílù: 11:20 àti 2:30. Ẹlẹ́ṣin tèmi bó ṣe ń kọjá lọ: 12:33 àti 3:43. Wákàtí mẹ́jọ àti àádọ́ta ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yẹ̀. Aago kámẹ́rà kò tọ́, ṣùgbọ́n kò fò rí. Èmi ni mo ronú kàn án, kì í ṣe lọ́yà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Mo to fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ẹṣin náà tẹ̀ lé ara wọn. Mo ya nọ́ńbà tó wà nídìí kámẹ́rà, òun náà ló wà nínú fáìlì. Mo fi ọmọdé tó di ìjánu ẹṣin mú hàn wọ́n lápá òsì, èyí tí wọ́n gé dànù. Tèmi fẹ̀ ní píksẹ́lì 5184, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn mú wá fẹ̀ ní 2048, bí Facebook ṣe máa ń sọ fọ́tò ńlá dà, kò sì sí ọjọ́ tàbí orúkọ kámẹ́rà kankan nínú rẹ̀. Wọn ò béèrè ẹ̀rí mọ́.

Ṣùgbọ́n òkò kan ṣì kù tí lọ́yà wọn jù: ṣé ẹlẹ́ṣin náà fún èmi láṣẹ? Ìbéèrè yẹn dùn mí torí pé ó tọ́. Èmi ni mo ni fọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló ni ojú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ojú ènìyàn polówó ilẹ̀ yàtọ̀ sí kí n fi ẹwà àjọ̀dún han àwọn ọ̀rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń fi aṣọ ẹbí wọn béèrè ilé. Ìyá rẹ̀ ni mo bá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo fọ́tò náà pẹ́, wọ́n wá ní, "Ilẹ̀ mélòó ni wọ́n ti fi ojú ọmọ mi tà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

₦200,000 ni mo béèrè, ₦120,000 ni wọ́n san ní oṣù Kẹta. Ẹ yọ owó lọ́yà kúrò, ẹ yọ ₦14,000 owó ọkọ̀ àti ti fọ́tò tí mo tẹ̀. Mo pín èyí tó kù sí méjì, mo fi ìdajì ránṣẹ́ sí ìyá náà.

Ní báyìí, aago ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó jáde nílé. Mo ti kọ orúkọ mi sínú kámẹ́rà. Ààyè wà fún un nínú mẹ́nù, ọdún mélòó kan ni mo fi ń wò ó kọjá. Fọ́tò tí mo bá ń gbé síta kì í fẹ̀ ju píksẹ́lì 1200 lọ, fáìlì tútù sì wà níbi méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo kámẹ́rà tòkunbọ̀, ẹ yẹ aago yín wò lónìí.

Wọ́n ní àwọn ò lè gba kàlẹ́ńdà padà mọ́ torí pé wọ́n ti pín in tán. Ọ̀kan wà lára ògiri níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì. Oṣù Kìíní ti kọjá, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì kò ṣí ìwé náà, ó ní ẹṣin yẹn wu òun.