Ẹ má tíì pe onítáìsì: pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì lè dán

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ilé àtijọ́ ní Bódìjà ni wọ́n sì sábà máa ń pè mí sí. Onílé á ní, "Káfíńtà, ẹ bá wa hú pákẹ́ẹ̀tì yìí, pákó tí wọ́n tò sílẹ̀ yàrá yìí, a fẹ́ lẹ táìsì." Èmi á ní kí wọ́n fún mi ní igun kan kí n fá a wò ná. Abẹ́ pólíìṣì tó dúdú bí ìdí ìkòkò yẹn, igi ìrókò tàbí igi apá gidi ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà pákó lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹyọ kan níbi tó fara sin, kí ẹ wo bó ṣe nípọn tó. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò pọ̀ yẹn lè má ju mìlímítà 8 lọ, wọn ò gba kí á máa fá wọn léraléra. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọ̀dà dúdú (irú tí wọ́n fi ń ṣe títì) ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má fá a: ọ̀dà àtijọ́ míì ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun wa kì í sì í di ọ̀dà mú dáadáa, ẹ béèrè èyí tó ń di ọ̀dà mú.

Ẹ fi ìdí òòlù kan gbogbo ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tó bá dún gbì ṣì dúró. Èyí tó bá ń dún kò-kò ti ṣí nísàlẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un lẹ̀. Èyí tí ikán ti jẹ, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì fi oògùn ikán síbẹ̀.

Ní ti àlàfo, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà ọyẹ́, igi á súnkì, ojú pákó á là, onílé á ní kí n dí i. Mi ò ní dí i o. Tójò bá dé, igi á wú, á ti ohun tí ẹ fi dí i jáde. Bí kò bá sì ráyè, ilẹ̀ á gbé sókè gọngọ láàárín yàrá. Ìparí òjò, kí ọyẹ́ tó dé, ni mo fẹ́ràn láti dí i: àlàfo tó bá ṣì wà nígbà yẹn ni àlàfo tòótọ́. Ẹ sì fi bíi mìlímítà 10 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 40 tó rí gbàkùgbàkù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lọ sí 60, 80, 120 tó kúnná jù. Ojú igi kọrí síbí, ó kọrí sọ́hùn-ún, nítorí náà láti igun dé igun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin wá, kòtò ló máa ń gbẹ́. Ẹ bo imú: eruku ìrókò a máa yún ojú àti ara. Ẹ tọ́jú eruku tó kúnná, ẹ fi síílà, ohun olómi tó ń dí ojú igi, pò ó, òun ni ẹ ó fi dí ihò.

Kí ẹ tó kun fánísì, ẹ fi tínà nu ìrókò, torí ohun kan wà nínú igi náà tí kì í jẹ́ kí fánísì olóróró tètè gbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa gáàsì àti jẹnẹrétọ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa kùn ún. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 220 fọwọ́ rọra fá a, kí ẹ tún kùn ún.

Ìrókò tuntun tí ẹ fi pààrọ̀ á mọ́lẹ̀ ju èyí tó kù lọ. Ẹ má fi àwọ̀ kùn ún, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á sọ ọ́ di bíráwùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ nu ilẹ̀ náà, kó fún àkísà gbẹ kó tó gbé e síbẹ̀.