Bí a ṣe lè mú kí dókítà ìdílé má kọ àǹtíbáyọ́tíìkì níbi tí kò yẹ

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ìdílé ni wọ́n ti ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àǹtíbáyọ́tíìkì tí aráàlú ń lò, kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá. Ikọ́, ọ̀fìnkìn, ọ̀fun dídùn àti etí dídùn ló sábà ń gbé èèyàn débẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa púpọ̀ nínú wọn, àǹtíbáyọ́tíìkì kò sì lè fi fáírọ́ọ̀sì ṣe nǹkan kan. Bakitéríà, irú kòkòrò mìíràn, tó wà lára ẹni náà ni àǹtíbáyọ́tíìkì ń pa. Àwọn tí kò bá kú níbẹ̀ ni yóò máa bí sí i, títí oògùn náà kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Lọ́dún 2019 nìkan, ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé irú bakitéríà olóríkunkun bẹ́ẹ̀ pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 káàkiri ayé.

Àwọn dókítà mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń mú wọn kọ ọ́ ni àárẹ̀, èrò tó ń dúró níta, àti ìbẹ̀rù pé "bó bá lọ di òtútù àyà ńkọ́?" Bí ẹ bá ń darí ilé ìtọ́jú, tàbí tí ẹ wà lára àwọn tó ń bójú tó ìlera àdúgbò, ọ̀nà tí ẹ lè gbà nìyí.

1. Ẹ kó iye jọ. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tó gbé ikọ́ tàbí ọ̀fun dídùn wá, mélòó ni dókítà kọ àǹtíbáyọ́tíìkì fún? Ẹ má fi dókítà tí àwọn arúgbó àti alárùn ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ wé ẹni tí àwọn aláìsàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́.

2. Ẹ fi iye náà han dókítà fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo gbà pé ó ṣe kókó jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2014, Sally Davies tó jẹ́ olórí àwọn dókítà ìjọba nígbà náà kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìtọ́jú tó ń kọ àǹtíbáyọ́tíìkì jù ládùúgbò wọn. Lẹ́tà náà sọ fún wọn pé wọ́n ń kọ oògùn yìí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìtọ́jú àdúgbò wọn lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn dárúkọ ohun mẹ́ta tí wọ́n lè ṣe. Láàárín oṣù mẹ́fà, oògùn tí wọ́n kọ fi ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tí kò tíì gba lẹ́tà: ìwé oògùn 73,406 ni wọn kò kọ. Nínú ìwádìí kan náà, wọ́n tún fi ìwé ìléwọ́ àti ìwé ara ògiri bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì so èso kan tó ṣeé rí. Àwọn tó ń kọ oògùn ni kí ẹ kọjú sí.

3. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà kí ó máa béèrè ìdí, kí ìdáhùn náà sì wà nínú fáìlì aláìsàn. Kíkọ àǹtíbáyọ́tíìkì níbi tí kò yẹ já láti 23.2 sí 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn dókítà tí wọ́n kàn dá lẹ́kọ̀ọ́ náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n 13.1 ló dúró sí.

4. Ẹ fún dókítà ní ohun tí yóò sọ. Aláìsàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, ìgbà tí yóò tán, àti ìgbà tó yẹ kó padà wá. Fún àpẹẹrẹ: "Mo ti gbọ́ àyà yín, kò sí àmì òtútù àyà. Irú ikọ́ báyìí lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mí hẹlẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá bá ikọ́ jáde, ẹ má dúró, ẹ padà wá lójú ẹsẹ̀." Bí ọkàn aláìsàn kò bá balẹ̀ síbẹ̀, dókítà lè kọ ìwé oògùn fún un kó fi pa mọ́, kí ó má lò ó àfi bí ara kò bá yá lẹ́yìn iye ọjọ́ tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé.

5. Bí oògùn bá pọn dandan, kí ó jẹ́ èyí tó bá a mu, fún ìwọ̀n ọjọ́ tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín àwọn àǹtíbáyọ́tíìkì sí ọ̀wọ́ mẹ́ta láti 2017: èyí tí a lè kọ́kọ́ lò, èyí tí a ní láti ṣọ́ra fún, àti èyí tí a ń fi pa mọ́ de àìsàn tí oògùn mìíràn kò ràn.

6. Ẹ máa ṣọ́ òdìkejì náà. Òtútù àyà gidi kò gbọ́dọ̀ dúró de oògùn, bẹ́ẹ̀ ni àkóràn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ka iye aláìsàn tí ara wọn burú sí i tí wọ́n fi dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Bí iye yẹn bá ń gòkè, ẹ tún ètò yín yẹ̀ wò kíákíá.

Ní Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà, nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, kíkọ àǹtíbáyọ́tíìkì níbi tí kò yẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nítorí náà, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde, ẹ ti yan ẹni tí yóò máa fi iye tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù, àti ẹni tí yóò dúró fún un nígbà tó bá lọ fún ìsinmi.