Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Eré Olórin Ní Òṣogbo

Ẹ má tíì pe òṣèré kankan. Onílù àti ẹni tó máa kọ orin ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì. Ẹ ka ìwé eré sókè fún wọn, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, kí orin lè tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí opó bá ń dárò "ọkọ mi lọ", tí orin wá gbé e sókè di "ọkọ́ mi lọ", ẹ̀rín ni òǹwòran máa bú sí. Peter Sellars, olùdarí eré ará Amẹ́ríkà, náà kò dúró de ìgbà tí orin parí nígbà kan: òun ló gbé àbá eré olórin Nixon in China lọ bá John Adams, ẹni tó kọ orin rẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Houston.

Bí ìtàn bá jẹ mọ́ Ṣàngó, bàtá ni kí ẹ lò, bí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe nínú eré rẹ̀, Ọba Kò So, ní Mbárí Mbáyọ̀, ilé àṣà àti eré ní Òṣogbo, lọ́dún 1963. Ìtàn mìíràn lè gba dùndún. Èyí tó wù kó jẹ́, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, akọrin náà ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ sọ ọ́, a ò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ibí gan-an ni eré ti máa ń bàjẹ́ jù. Kí omele máa lọ lábẹ́ orin, kí ìyáàlù dákẹ́ títí ìlà yóò fi parí, kó tó dáhùn. Inú onílù kì í dùn sí i. Ẹ fara dà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìjókòó ni kí wọ́n ti kọrin. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun fa ìwọ̀n ìtàgé sílẹ̀, kí wọ́n wá máa rìn. Ẹ fi onílù sí ẹ̀gbẹ́, níbi tó ti lè rí ẹsẹ̀ oníjó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó bàtá ò lè sun rárà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èémí á gé e. Kí elégbè gbe orin títí yóò fi mí kanlẹ̀.

Bí eré bá bọ́ sí àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù kẹjọ, òtútù òjò máa ń jẹ́ kí awọ dùndún dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn. Bí oòrùn ò bá sí, ẹ yá a níná láti òkèèrè, torí bó bá sún mọ́ ọn jù, awọ á bẹ́.

Ẹ ṣe ìdánrawò kan láìlo máìkì rárá, torí iná lè lọ nígbàkígbà. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ibi tí kò bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ìlù ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe pé kí akọrin máa pariwo.