Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe abẹ́rẹ́ ajá yìí o, ẹ wá wo ohun tó ná mi

₦41,500. Iye tó jáde lápò mi nìyẹn lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá tí gbogbo Ìwáyà mọ̀ sí ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kínú mi lè fúyẹ́.

Ajá kan tẹ́nì kan ò mọ olówó ẹ̀ ló bu ọmọ Ìyá Fáwàsì jẹ lẹ́sẹ̀. A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko (ẹnì kan ti gbé epo pupa dání, mo ní kó gbé e padà), a sáré dé ọsibítù, abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ kì í ṣe ẹyọ kan, nígbà tí wọ́n pe owó ẹ̀ Ìyá Fáwàsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àdúgbò ló dáwó ẹ̀. Dìgbòlugi, àrùn tájá máa ń kó ran èèyàn tó bá bù ú jẹ, ò ṣeé fi ṣeré, tí àmì ẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo wá ní ká kúkú gún àwọn ajá yìí fúnra wọn.

Bí mo ṣe rí àwọn dókítà ò le. Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko n'Ìbàdàn, òun ló mú mi mọ̀ wọ́n, àdúgbò tí ò rówó san ni wọ́n máa ń lọ. 28 September ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, a mú Sátidé tó ṣáájú ẹ̀. Baálẹ̀, kánópì, àga, ìkéde ní mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Fríìjì ló pa mí.

Alẹ́ Fúráìdé ni wọ́n kó oògùn dé, ìgò mẹ́jọ, ìgò kan fún ẹran mẹ́wàá. Òfin ẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lójú tẹmọ́mítà, kò gbọ́dọ̀ gbóná, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Nẹ́pà ò sì mú iná wá láti Wẹ́sídeè. Ọ̀gá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lójú ọ̀nà ní fríìjì ńlá àti jẹ́n, mo gbé fúẹ̀lì lítà mẹ́wàá fún un, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́ bá a." Mo gbọ́ tí jẹ́n kú ní nǹkan bí aago kan òru o! Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ, mo ní bóyá wọ́n ti mú iná dé ni, mo bá yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn.

Aago mẹ́fààbọ̀ àárọ̀, dókítà obìnrin tó ṣáájú wọn fa tẹmọ́mítà yọ nínú fríìjì. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn nà án sí mi. 17. Kẹ́ẹ̀gì mi wà nílẹ̀, fúẹ̀lì inú ẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọ̀gá ní ariwo jẹ́n ò jẹ́ kọ́mọ sùn. Ká ní ó ti pè mí! Dókítà ní tí wọ́n bá gún ajá lóhun tí ò dá àwọn lójú, olówó ẹ̀ á máa rò pé ó ti bọ́, kò sì tíì bọ́. Gbogbo ìgò mẹ́jọ di dídànù.

Èrò ti ń dé. Ajá nínú okùn, ajá nínú wáyà, ọ̀kan wà nínú àpò ìrẹsì tó yọ orí síta, ọmọ kékeré kan sì gbé ológbò sínú báàgì iléèwé. Àwọn tó ti ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ò ní jẹ́ kájá gbó olè mọ́ ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi dìsípáàṣì kó ìgò méje míì wá láti Ìkejà, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Èmi náà gbé kúlà ìyàwó mi, mo gba Òyìngbò lọ wá yìnyín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pánlá àti títùs. Gósíló Adékúnlé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí sójú ọ̀nà. Mo dé, wọ́n ti tẹmọ́mítà bọnú kúlà, òdo! Ó tún ti tutù jù. Ìgbà tá a wé yìnyín náà sínú bébà ìròyìn, tá a fi káàdì-bọ́ọ̀dù sáàárín, ogójì ìṣẹ́jú ká tó rí 4. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la gún ajá àkọ́kọ́.

Gígún gan-an ò ju ìṣẹ́jú méjì méjì lọ. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ń jẹ́ Bingo, ẹni tó ń kọ káàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ìgò tí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ bọ̀ gbọ́dọ̀ tán lọ́jọ́ náà, nígbà tó wá ku mẹ́ta kí ìgò keje tán, àwa la tún ń kanlẹ̀kùn wá ajá kiri bí ẹni ń sin gbèsè. Ajá 61, ológbò 9, kò séyìí tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ bá mi kí ara mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ ra tẹmọ́mítà tiyín, kò wọ́n. Ẹ wé yìnyín kẹ́ ẹ tó gbé oògùn sí i. Ẹni tó bá ní ẹ lọ sùn, ẹ má lọ, ẹ tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ fríìjì ẹ̀. Ẹ sì sọ fáwọn èèyàn ṣáájú pé ọmọ ajá tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta kó dúró ná, torí àwọn tá a dá padà bú mi dáadáa.

Kúlà yẹn ń rùn pánlá títí dòní. Ìyàwó mi ń fi ta sóbò tẹ́lẹ̀. ₦12,000 tí mo fi ra òmíràn fún un ò sí nínú ₦41,500 tí mo kọ sókè yẹn o.