Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Àmì Àkókò Sára Pákẹ́ẹ̀tì Nínú Driver Wi-Fi

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú driver Wi-Fi (ètò tí ń darí ẹ̀rọ Wi-Fi) tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ni bóyá aago kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà) ni ó wò nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì kọ iye yẹn sílẹ̀ bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni pákẹ́ẹ̀tì ti ojú afẹ́fẹ́ wọlé. Kí driver tó rí frame kan (pákẹ́ẹ̀tì bí ó ti rí lójú afẹ́fẹ́), chip Wi-Fi ti kó o sínú mẹ́mórì, ó ti lè dúró de àwọn mìíràn kí ó tó pe interrupt (ìpè tí ń dá kernel dúró kí ó lè gbà wọ́n), kernel pẹ̀lú sì ti lè fi iṣẹ́ mìíràn ṣáájú. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lórí USB, ìdúró náà tún ń gùn sí i. Ìdúró yìí kì í dọ́gba, nítorí náà kò sí iye kan tí a lè yọ kúrò láti fi tún un ṣe. Frame mẹ́wàá tí wọ́n dé ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè gba àmì àkókò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, kìkì nítorí pé interrupt kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo wọn wá.

Aago tí ó yẹ kí a lò ni TSF (Timing Synchronization Function), aago oníbíìtì 64 tí ìlànà IEEE 802.11 là sílẹ̀, tí ó ń ka máíkírósẹ́kọ́ǹdù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mac80211, apá kernel Linux tí ń bójú tó Wi-Fi, ibẹ̀ ni iye tí driver ń kọ sínú mactime (àyè àmì àkókò frame) ti gbọ́dọ̀ wá. Àmọ́ chip kì í sábà gbé bíìtì 64 wọ̀nyí wá pọ̀ mọ́ frame. Àwọn kan ń gbé 32 wá, àwọn chip Atheros àtijọ́ tí ath5k ń darí sì ń gbé 15 péré. Driver ni yóò ka TSF kíkún fúnra rẹ̀, tí yóò sì fi àwọn bíìtì òkè rẹ̀ kún èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi iye wò ó.

Bíìtì 15 ń padà sí òdo ní gbogbo máíkírósẹ́kọ́ǹdù 32,768. Ká ní driver ka TSF, ó bá 100,000, tí àmì tí ó wà lára frame sì jẹ́ 32,000. Ìyípo tí a wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 98,304, a kò sì tíì kà ju 1,696 lọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn ro 98,304 pọ̀ mọ́ 32,000 yóò rí 130,304, ìyẹn ni pé frame tí ó ti wà lọ́wọ́ wa kò ní í dé títí di ìgbà tí máíkírósẹ́kọ́ǹdù 30,304 mìíràn bá kọjá! Níwọ̀n bí 32,000 ti ju 1,696 lọ, inú ìyípo tí ó ṣáájú ni frame náà ti dé, iye tí ó tọ́ sì ni 97,536. Ẹ má ṣe fo àyẹ̀wò kékeré yìí. Ẹ má sì ṣe fi kíka TSF falẹ̀, torí pé bí ìdúró bá ti ju ìyípo kan lọ, àyẹ̀wò náà yóò mú iye tí ó dùn ún wò wá, tí kì í sì í ṣe òótọ́.

Oníbíìtì 32 pàápàá kò mórí bọ́. Ìyípo tirẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 71 àti ààbọ̀, nítorí náà driver tí a dán wò fún wákàtí kan lè yege kí ó sì máa ṣì í kà síbẹ̀. Mo ti fi odindi ọjọ́ kan wá irú àṣìṣe yìí rí, tí mò ń tún ẹ̀rọ tàn ní gbogbo ìdajì wákàtí, láìmọ̀ pé èmi gan-an ni n kò jẹ́ kí ó fara hàn. Bí TSF bá sì wà nínú register (àyè kékeré tí chip ń fi iye sí) oníbíìtì 32 méjì, ẹ ka ti òkè, ẹ ka ti ìsàlẹ̀, kí ẹ tún ka ti òkè. Bí ti òkè bá ti yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà náà lákọ̀tun.

Ẹ má ṣe fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ frame pe àmì òpin rẹ̀. Beacon (frame tí access point, ìyẹn ibùdó Wi-Fi, fi ń kéde ara rẹ̀) oníbáìtì 250 tí a fi ìwọ̀n 1 Mb/s rán ń gba máíkírósẹ́kọ́ǹdù 2,000 láti bíìtì àkọ́kọ́ dé ti ìgbẹ̀yìn, láìka preamble (àmì ìmúrasílẹ̀ tí ó ń ṣáájú rẹ̀) mọ́ ọn. Ti bíìtì àkọ́kọ́ ni radiotap (àkọlé tí a ń fi síwájú frame tí a gbà sílẹ̀) ń fẹ́ nínú TSFT, àyè àkókò rẹ̀. Mac80211 lè ṣe ìṣirò náà fún yín, bí ẹ bá sọ òtítọ́ fún un yálà pẹ̀lú RX_FLAG_MACTIME_START tàbí RX_FLAG_MACTIME_END. Nínú A-MPDU (ọ̀pọ̀ frame tí a rán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), níbi tí chip kan lè fi àmì tòótọ́ sára ẹyọ frame kan ṣoṣo nínú àpapọ̀ náà, ẹ má ṣe hùmọ̀ iye fún àwọn yòókù. Ẹ fi flag MACTIME náà sílẹ̀ láìfi sí i fún wọn, TSFT kò sì ní í jáde rárá.

Fún àbájáde scan (wíwá àwọn ibùdó Wi-Fi tó wà nítòsí), boottime_ns (àkókò láti ìgbà tí a ti tan ẹ̀rọ) ni ẹ ó kún, kì í ṣe aago ojúmọ́ tí NTP (ètò tí ń tún aago ṣe láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lè dá padà sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe fi TSF ẹ̀rọ méjì wéra bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìlànà náà gbà kí aago yìí ṣìnà tó 0.01%, èyí tí í ṣe máíkírósẹ́kọ́ǹdù 100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ tí ó bá sì darapọ̀ mọ́ access point yóò gba TSF tirẹ̀, tí iye yóò fi fò lójijì. Ní ti rírán, ẹ má ṣe kọ àkókò sínú beacon ṣáájú. Ó lè ní láti dúró kí ọ̀nà ṣófo, chip nìkan ni ó sì mọ ìgbà tí ó jáde, nítorí náà òun ni kí ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ bí frame ti ń lọ.