Bí A Ṣe Dín Ìdúró Kù Nínú Iṣẹ́ Ètò Kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Lágéré ni pé kí n wá ìdí tí àtúnṣe tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń béèrè fún fi ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń ṣírò owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó àti èlé. Ọ̀gá ti fẹ́ gba ènìyàn kún àwọn tó ń kọ kóòdù, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù ná, nítorí Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360 (ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà) ní ilé-iṣẹ́ IBM, ti kọ ọ́ láti 1975 pé bí a bá kó ènìyàn kún iṣẹ́ ètò tó ti pẹ́, ńṣe ni yóò tún pẹ́ sí i.

Mo mú àtúnṣe kan tí akápò ẹgbẹ́ kan ní Iléṣà béèrè fún, mo sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń kọ ibi tó dé sára pátákó. Kíkọ kóòdù rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ìyókù, ìdúró ni: ó dúró de architect, ẹni tó ń pinnu bí a ó ṣe to ètò náà, kó fọwọ́ sí i, ó dúró de ẹni tó ń fi ọwọ́ dán ètò wò, ó sì tún dúró de òru ọjọ́ Ẹtì tí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ọ̀nà server (kọ̀ǹpútà tí àwọn oníbàárà ti ń lo ètò náà) yóò gbé e sókè síbẹ̀, bí iná bá wà.

Inú orí architect ni gbogbo ìpinnu wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn àbúrò lè máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ kò bá sí nítòsí." Ó ní ká má sọ òun di akọ̀wé o. Síbẹ̀ ó gbà pé kí ìpinnu kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan, bí Michael Nygard, tí òun náà ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe là á sílẹ̀ ní 2011: ohun tó fa ọ̀rọ̀, ohun tí a yàn, àti ohun tí yíyàn náà yóò ná wa. Inú Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, ni a kó wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù.

Ìdánwò ló gba àkókò wa jù. A fi ẹ̀yáwó ₦100,000 dán ètò náà wò, pẹ̀lú èlé ₦10,000, tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò san tán ní oṣù 12. Ètò pín in sí ₦9,166.67 lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ sì di ₦110,000.04. Kọ́bọ̀ mẹ́rin yẹn kò tó nǹkan lójú ẹni tó ń kọ kóòdù, ṣùgbọ́n akápò tí ìwé rẹ̀ kò dọ́gba lọ́jọ́ ìpàdé ọdọọdún mọ ohun tí ojú òun rí. A kọ ìdánwò tó ní kí owó oṣù ìkẹyìn jẹ́ ₦9,166.63, kọ̀ǹpútà sì ń ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá mú kóòdù tuntun wá. Bí kọ́bọ̀ kan bá yẹ̀, kóòdù náà kò ní wọlé.

Nígbà tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù lójoojúmọ́, a sì ń fi ohun tí kò tíì parí pamọ́, kí oníbàárà má bàa rí i, títí yóò fi pé. Ọ̀sán ni a ń gbé ètò sókè báyìí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń kọ kóòdù ló sì lè ṣe é. Ohun tí akápò bá béèrè fún lọ́jọ́ Ajé sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó tí ọ̀gá fẹ́ fi gba ènìyàn ló fi ra bátìrì àti sólà, èyí tó jẹ́ pé, bó bá jẹ́ èmi ni, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ rà.