Kíláàsì tó wà nínú kíláàsì kì í ṣe ọmọ ẹ̀ o: bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó ní Python àti Java

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, torí ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kọ kíláàsì kan (ìyẹn àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ fi ń ṣẹ̀dá nǹkan nínú kóòdù) sínú òmíì, wọ́n á wá máa retí pé kí ti inú máa lo gbogbo nǹkan tí ti ìta ní, tí Python bá wá gbé ẹ́rọ̀ jáde wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ń ṣe wèrè. Kò ṣe wèrè rárá. Ayálégbé kì í ṣe ọmọ onílé. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún bàbá, kò sẹ́ni tó máa pe ayálégbé sí i. Kíláàsì tẹ́ ẹ kọ sínú òmíì, ayálégbé ni. Èyí tó ń jogún lọmọ, ibi yòówù kó máa gbé.

Ká ti ibi ogún bẹ̀rẹ̀ (ìyẹn kí kíláàsì kan gba ohun tí òmíì ní), òun ló rọrùn jù. Ó ti pẹ́ gan-an, Simula 67, èdè kóòdù bíi Python àti Java, tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe ní Norway ló gbé e wá. Ní Python, báyìí ló rí:

```
class Akanti:
    def __init__(self, oruko):
        self.oruko = oruko
        self.owo = 0

    def fi_owo_si(self, iye):
        self.owo += iye

class Ifowopamo(Akanti):
    def fi_ele_kun(self, ida):
        self.owo += self.owo * ida / 100
```

Inú àkámọ́ yẹn lẹ ti sọ fún Python pé Akanti ni bàbá. A ò kọ `fi_owo_si` sínú Ifowopamo àmọ́ ó máa ṣiṣẹ́, torí tí Python ò bá rí nǹkan lọ́dọ̀ ọmọ, ọ̀dọ̀ bàbá ló ń lọ wò. Tẹ́ ẹ bá wá kọ `__init__` (iṣẹ́ tó máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀dá nǹkan látinú kíláàsì) tuntun fún ọmọ, tọmọ nìkan ló máa ṣiṣẹ́, ti bàbá ò ní dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa pè é: `super().__init__(oruko)`. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀, Python máa sọ fún un pé Ifowopamo ò ní owo. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tó máa kọ gan-an nìyẹn.

Ó wá ku ayálégbé. Ẹ wo èyí:

```
class Akanti:
    eya_owo = "naira"

    class Akosile:
        eya = eya_owo
```

NameError lẹ máa gbà, ìyẹn ẹ́rọ̀ pé Python ò mọ orúkọ yẹn. Orúkọ tẹ́ ẹ kọ sínú ara Akanti, Python kì í wò ó fún Akosile tó wà nínú lọ́hùn-ún, ó máa fò ó kọjá lọ sí ìta pátápátá. Kódà tẹ́ ẹ bá kọ `Akanti.eya_owo` síbẹ̀ kò ní gbà, torí lásìkò yẹn Python ò tíì ṣe Akanti tán. Inú method (iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi `def` kọ sínú kíláàsì) nìkan ló ti máa gbà, torí ìgbà tí wọ́n bá fi máa pe method, Akanti ti wà nílẹ̀. Ẹ tẹ `issubclass(Akanti.Akosile, Akanti)` kẹ́ ẹ wò ó, False ló máa kọ, ìyẹn ni pé Akosile kì í ṣe ọmọ Akanti.

Tí Akosile bá wá nílò àkáǹtì tó ni ín ńkọ́? Ẹ fi lé e lọ́wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ:

```
    class Akosile:
        def __init__(self, akanti, iye):
            self.akanti = akanti
            self.iye = iye
```

Kẹ́ ẹ wá pè é báyìí, `Akanti.Akosile(a, 500)`, `a` ni àkáǹtì tó ni ín.

Ti Java yàtọ̀ díẹ̀. Láti Java 1.1, ọdún 1997, ni wọ́n ti ń gbà kéèyàn kọ kíláàsì sínú kíláàsì, oríṣi méjì ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá fi `static` síwájú ẹ̀, ó dà bíi ti Python, kò mọ ọ́bújẹ́ẹ̀tì ìta (nǹkan tẹ́ ẹ ṣẹ̀dá látinú kíláàsì ìta) kankan. Tẹ́ ò bá fi síbẹ̀, Java máa so ó mọ́ ọ́bújẹ́ẹ̀tì ìta kan láìsọ fún yín, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ `a.new Akosile()` lẹ máa fi ṣẹ̀dá ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà níta Akanti. Ìsopọ̀ yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣe áàpù Android: wọ́n á kọ Handler (tó ń to iṣẹ́ tí áàpù máa ṣe tó bá yá) sínú Activity (ojú ìwé kan nínú áàpù) láìfi `static` sí i, Handler yẹn á di Activity mú, Java ò sì ní lè kó o kúrò nínú mẹ́mórì. Èmi o, `static` ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sí i, àfi tí mo bá nídìí tí mi ò fi ní fi sí i.

Ibi tí ogún àti ayálégbé ti pàdé ló ta kókó jù. `Ifowopamo.Akosile` máa ṣiṣẹ́, torí ọmọ jogún orúkọ yẹn pẹ̀lú ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ Akosile tuntun sínú Ifowopamo, ṣe ló máa rọ́pò ti bàbá pátápátá, Python ò ní da méjèèjì pọ̀ fún yín. Àwọn tó ń lo Django, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, mọ̀ ọ́n dáadáa: bàbá tó jẹ́ abstract (tó wà fún jíjogún nìkan) ti to `ordering` (bí nǹkan ṣe máa tẹ̀ léra) sínú Meta, kíláàsì inú tí wọ́n ń kọ ètò sí, ọmọ wá kọ Meta tiẹ̀ nítorí `verbose_name` (orúkọ táwọn èèyàn máa rí), ni `ordering` bá pòórá. Ẹ jẹ́ kí Meta náà jogún (Oja ni bàbá níbí, Iwe lọmọ):

```
class Iwe(Oja):
    class Meta(Oja.Meta):
        verbose_name = "iwe"
```

Ẹ tún ṣọ́ra fún bẹ́ ẹ ṣe ń pè é nínú method bàbá. Tẹ́ ẹ bá kọ `self.Akosile(...)`, tọmọ ni Python máa lò, tẹ́ ẹ bá sì kọ `Akanti.Akosile(...)`, ti bàbá ni títí láé. Java ò tiẹ̀ fún yín láyè yẹn, `new Akosile()` tẹ́ ẹ bá kọ sínú Akanti, ti Akanti náà ni, bí ọmọ tiẹ̀ ní tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ method kan, ẹ lè pè é ní `daAkosile()`, òun ni kó máa ṣẹ̀dá ẹ̀, kí ọmọ wá kọ `daAkosile()` tiẹ̀.

Tí kíláàsì míì níta bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo Akosile yẹn, ẹ tètè mú un jáde kó lọ dá wà láàyè ara ẹ̀ jare.